Àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ: bí ẹ ṣe máa ṣe é dé òpin

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ kì í bá obìnrin lójijì. Láti ìgbà tí kòkòrò tó ń fà á bá ti wọ ara, ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò ní dùn yín, ẹ̀jẹ̀ kò ní dà, ẹ ó máa lọ sọ́jà, ẹ ó máa jó lóde àríyá. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ bá wo ọrùn ilé ọmọ yín láàárín ọdún wọ̀nyẹn, yóò rí ibi tó ti ń yí padà, ìtọ́jú tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sì lè mú un kúrò. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí wọra pé obìnrin tó lé ní 7,000 ni àìsàn yìí pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2022. Nínú nǹkan bí 350,000 tó pa kárí ayé lọ́dún náà, ìdá 94 nínú 100 ló wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ bíi tiwa.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Èkíní, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò yìí fún. Èkejì, àyẹ̀wò tí ẹ kò gba èsì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò ṣe rárá. Àwọn obìnrin máa ń tò sórí ìlà níbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lọ́jà, síbẹ̀ èsì a dé, a sì máa wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà á. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ohun tó ń fà á

Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní HPV ni. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, ó sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo ẹni tó ń ní ìbálòpọ̀ ló máa ní in nígbà kan láyé wọn, ọkùnrin àti obìnrin. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn á fọ̀ ọ́ dànù fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ló ń di wàhálà. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì péré, nọ́ńbà 16 àti 18, ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ yìí. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló fi hàn pé HPV ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2008.

Nítorí náà, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe àmì ìṣekúṣe. Obìnrin tí kò mọ ọkùnrin kankan ju ọkọ rẹ̀ lọ láti ọjọ́ tó ti dáyé lè ní in. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ eléyìí fún àwọn ọ̀rẹ́ yín, torí ìtìjú ló ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró sílé.

Ṣé ó ti kàn yín?

Bí ẹ bá ti ní ìbálòpọ̀ rí, tí ẹ sì ti pé ọdún 30, ó ti kàn yín. Láti 30 sí 49 ni àkókò tí àyẹ̀wò yìí ń gba ẹ̀mí là jù. Obìnrin tó ní kòkòrò HIV kò gbọ́dọ̀ dúró di 30. Ọdún 25 ni tirẹ̀, nítorí pé ewu jẹjẹrẹ yìí lára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ń gba oògùn HIV ní kílíníìkì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 50 tí ẹ kò ṣe é rí, ẹ lọ ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan oṣù yín ti dúró, kò kàn yín mọ́. Obìnrin tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ kì í sábà nílò rẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ tàbí ohun tó fẹ́ di jẹjẹrẹ ni wọ́n torí rẹ̀ yọ ọ́. Bí kò bá dá yín lójú pé wọ́n yọ ọrùn rẹ̀, ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ náà dání kí dókítà wò ó.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kó dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò rárá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí láàárín nǹkan oṣù kan sí òmíràn. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró láti ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ wá tún yọ. Bí omi tó ń rùn bá ń jáde lójú ara tí kò lọ láìka oògùn sí. Bí abẹ́ ìkùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dunni ṣáá, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ń wú: dókítà ni kí ẹ lọ bá lọ́sẹ̀ yìí kan náà. Ẹ sọ ọ́ gbangba fún un pé, “Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́yìn tí mo bá wà pẹ̀lú ọkọ mi.” Bí wọ́n bá kọ oògùn kòkòrò fún yín láì wo ojú ara yín, ẹ rọra sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wo ọrùn ilé ọmọ yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Oríṣi àyẹ̀wò mẹ́ta, àti èyí tí ẹ máa bèèrè

Àyẹ̀wò HPV ló dára jù. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá, nínú omi ara tí wọ́n fi òwú tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré mú. Òun ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí orílẹ̀-èdè gbogbo máa lò, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbójú fo nǹkan. Bó bá mọ́, ẹ lè sinmi fún ọdún 5 sí 10 kí ẹ tó ṣe òmíràn. Fún obìnrin tó ní HIV, ọdún 3 sí 5. Àǹfààní rẹ̀ tó wù mí jù ni pé ẹ lè fọwọ́ ara yín mú omi ara náà níbi kọ́lọ́fín, láì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú ẹnikẹ́ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò tíì dé gbogbo ibi, ó sì lè wọ́nwó.

Àyẹ̀wò fínígà lẹ máa rí nítòsí jù, ní ọ̀pọ̀ ilé ìlera alábọ́ọ́dé àti níbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. VIA ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Wọ́n á fi òwú tó ní fínígà tí wọ́n ti pò fún iṣẹ́ náà pa ọrùn ilé ọmọ, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì wò ó bóyá ibì kan di funfun. Èsì rẹ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀, kò sì wọ́n. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, torí ibi tó yẹ kí wọ́n wò ti wọ inú lọ. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da fínígà ilé ìdáná sí ojú ara. Kò ní fi nǹkan kan hàn yín, ó sì lè jó yín.)

Ẹ̀kẹta ni Pap smear. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ha ojú ọrùn ilé ọmọ díẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n fi ẹ̀rọ awò-kékeré-di-ńlá wò ó. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta lòun náà. Èsì rẹ̀ ń gba ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà òun ló rọrùn jù láti gbàgbé.

Ẹ má torí pé ẹ ń wá èyí tó dára jù kí ẹ máà ṣe ìkankan. Bó bá jẹ́ ti fínígà nìkan ló wà ládùúgbò yín, tí nǹkan oṣù yín ò sì tíì dúró, ẹ lọ ṣe é lóṣù yìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ mátírọ̀n: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ. Ṣé ẹ máa ń ṣe é níbí? Ọjọ́ wo? Èló ni?” Kí ẹ tún fi èyí kún un, torí òun ló ṣe pàtàkì jù: “Bí ẹ bá rí nǹkan, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ló máa tọ́jú rẹ̀, àbí ibo lẹ máa darí mi sí?” Ibi tí wọ́n ti lè ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n sì tọ́jú yín lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ yàn, bó bá wà. Bí kò bá sí ní àdúgbò, ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀, tàbí ọsibítù ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH l'Ékòó àti OAUTHC n'Ífẹ̀ ni kí ẹ wádìí sí.

Ìmúra

Ẹ mú ọjọ́ tí nǹkan oṣù kò ní sí. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ má ṣe ní ìbálòpọ̀, ẹ má ki oògùn bọ ojú ara, ẹ má sì fi ọṣẹ tàbí omi gbígbóná fọ inú rẹ̀. Ẹ wẹ̀ bí ẹ ṣe ń wẹ̀ lójoojúmọ́, ó tó. Ẹ wọ síkẹ́ẹ̀tì tàbí ìró ju ṣòkòtò lọ, kó lè rọrùn láti ká a sókè láì bọ́ gbogbo aṣọ. Bó bá jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́ kó ṣe é fún yín, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́; bẹ́ẹ̀ lẹ lè mú ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan dání.

Bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ fura pé oyún wà, ẹ wí. Wọ́n sábà máa ń sún un di ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ.

Lórí bẹ́ẹ̀dì

Ẹ tọ̀ kí ẹ tó sùn sílẹ̀. Ẹ ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, ẹ ó ká orúnkún sókè, wọ́n á sì fi aṣọ bò yín. Nọ́ọ̀sì á rọra ti ohun èlò kan bọ ojú ara, irin tàbí rọ́bà, èyí tí wọ́n fi ń yà á kí wọ́n lè rí ọrùn ilé ọmọ. Ìgbà yìí ni ara obìnrin máa ń le, bẹ́ẹ̀ bó bá ti le ni yóò máa fún yín. Ẹ mí kanlẹ̀ láti ẹnu, ẹ jẹ́ kí ìdí yín wúwo sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ tú èjìká sílẹ̀. Bó bá dùn yín, ẹ sọ pé, “Ẹ dúró ná, mà.” Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ yóò dúró. Fínígà lè ta díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè kan aṣọ lọ́jọ́ náà, pàápàá lẹ́yìn Pap smear. Ẹ fi páàdì kan sínú báàgì.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mú omi ara fún àyẹ̀wò HPV, ẹ fọ ọwọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé àga tàbí kí ẹ lóṣòó, ẹ rọra ti òwú náà wọlé bí nọ́ọ̀sì ṣe fi hàn yín, ẹ yí i ká ní ìgbà tó bá sọ, kí ẹ sì dá a padà sínú ìgò rẹ̀ láì jẹ́ kó kan nǹkan mìíràn. Ẹ kò lè ki í sọnù sínú ara, ẹ kò sì lè fi ba ilé ọmọ jẹ́. Tí obìnrin bá mú un dáadáa fúnra rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é gbára lé tó èyí tí dókítà mú.

Èsì: ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣì ń lọ, kí ẹ tún fún wọn ní ti ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde, ẹ kọ ọ́ sórí káàdì, kí ẹ sì fi sí fóònù kó máa rán yín létí. Bí ọjọ́ bá pé tí wọn ò pè, ẹ lọ fúnra yín. Àìpè wọn kò túmọ̀ sí pé èsì dára.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gba ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Orúkọ yín, ọjọ́, irú àyẹ̀wò, èsì, àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wá gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́.

Bí wọ́n bá ní HPV wà, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Kò tíì di jẹjẹrẹ. Ó túmọ̀ sí pé kòkòrò wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n wò ó síwájú sí i bóyá ó ti ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n lè fi fínígà wò ó, wọ́n lè ṣe Pap smear, tàbí kí wọ́n tọ́jú yín lójú ẹsẹ̀.

Kò sì fi hàn pé ọkọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ síta, kò fi hàn pé ẹ̀yin náà lọ. HPV lè dákẹ́ sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn, kò sí dókítà tó lè sọ ọjọ́ tó wọlé tàbí ẹni tó kó o wá. Mo tẹnu mọ́ eléyìí nítorí bí obìnrin bá ń bẹ̀rù pé èsì yìí á tú ilé òun ká, kò ní padà wá fún ìtọ́jú. Ẹ̀yin ọkọ tó bá ń ka èyí, ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún ìyàwó yín lọ́jọ́ náà ni, “Ìgbà wo la máa lọ fún ìtọ́jú?”

Ìtọ́jú ohun tí kò tíì di jẹjẹrẹ

Wọ́n lè fi irin tó gbóná jó ojú ibẹ̀, wọ́n sì lè fi afẹ́fẹ́ tútù mú un dì. Méjèèjì kò gba kí wọ́n dá yín dúró sí ọsibítù, ẹ ó fẹsẹ̀ yín rìn lọ sílé. Ti irin gbígbóná ń gba bí ìdajì ìṣẹ́jú kan ní ojú kọ̀ọ̀kan, inú á sì run yín díẹ̀ bíi ti nǹkan oṣù. Bí ibi tó yí padà bá tóbi tàbí tó wọnú lọ, dókítà á fi wáyà tó ní iná gé e, lẹ́yìn tó bá ti fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn yín. Kò sí èyí tí wọ́n ti ń yọ ilé ọmọ nínú rẹ̀, ẹ ṣì lè bímọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, omi á máa jáde lójú ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ má ní ìbálòpọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ojú ọgbẹ́ lè jinná. Bí ẹ kò bá lè yẹ̀ ẹ́, kọ́ńdọ̀mù ni kí ọkọ lò. Ẹ má ki ohunkóhun bọ inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ oògùn, ewé tàbí ọṣẹ. Ibà, òórùn burúkú, ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ju ti nǹkan oṣù lọ, ìrora inú tó ń le sí i: ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà.

Bí ọdún kan bá pé, ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn láti mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Bó bá ti di jẹjẹrẹ

Dókítà á gé ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò kó tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí wọ́n bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ lè wò ó sàn. Èyí tó ti tàn díẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú ìtànṣán pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ, ó sì ṣì ń sàn lára ọ̀pọ̀. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 2019, wà lára ibi tí ẹ̀rọ ìtànṣán wà. Ibi yòówù kí ẹ máa lọ, ẹ pè kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí àyè máa kàn yín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ amáyédẹrùn (social worker) ibẹ̀ nípa owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund. Oṣù tí ẹ bá fi ń mu àgbo ṣáájú kí ẹ tó lọ ni àìsàn náà fi ń rìn síwájú. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa nígbàgbọ́ nínú ewé, ṣùgbọ́n lórí èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ gba ọsibítù lọ.

Ti àwọn ọmọbìnrin wa

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́, ipele kejì sì tẹ̀ lé e ní 2024 kó lè kárí àwọn ìpínlẹ̀ tó kù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á ní apá. Ọmọ tó ní kòkòrò HIV nílò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà kí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ní ìkọ̀kọ̀. Rwanda ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 2011. Àwa ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dé.

Àwọn òbí máa ń bèèrè ìdí tó fi jẹ́ ọmọ kékeré ni wọ́n ń fún. Abẹ́rẹ́ yìí kò lè lé kòkòrò tó ti wọlé jáde. Ó ní láti dé ara kí kòkòrò tó dé. Kò sí kòkòrò alààyè nínú rẹ̀, kì í dí ọmọ bíbí lọ́wọ́, kì í sì í mú kí ọmọ máa wá ọkùnrin. Apá lè dùn ún, ibà díẹ̀ lè mú un. Kí ó jẹun kó tó lọ, kí ó sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀, torí òòyì máa ń kọ́ àwọn ọmọ ọjọ́ orí yẹn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ èyíkéyìí. Bí wọn ò bá wá sí ilé ìwé rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé, kí ẹ gba káàdì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀. Bó bá dàgbà, yóò ṣì ṣe àyẹ̀wò, nítorí abẹ́rẹ́ náà kò dí gbogbo oríṣi HPV.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí ẹgbẹ́ lọ́jà, nínú ẹgbẹ́ obìnrin rere tàbí Asalatu, ẹ lè mú un rọrùn fún àwọn tó ń bẹ̀rù láti dá lọ. Ẹ lọ bá mátírọ̀n, kí ẹ gba ọjọ́ kan fún obìnrin mẹ́wàá, ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan pẹ̀lú àyè mẹ́rin níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ àyẹ̀wò, ọjọ́ èsì, ìtọ́jú bó bá wà, ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ẹ má kọ èsì ẹnikẹ́ni síbẹ̀, tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ kàn máa bi í léèrè níbi ìpàdé títí yóò fi ní, “Mo ti gbà á.”